Ẹ Má Sọ Orí Ìrèké Nù O!

Ọ̀rọ̀ ìrèké la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé àwọn kan máa wí pé, "Kí ló kan ìrèké nínú ìyà tó ń jẹ wá yìí?" Ẹ ṣe sùúrù, ẹ kà á tán ná.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọ̀kan nínú wa bímọ, gbogbo ẹgbẹ́ sì lọ bá a ṣe é. Oyin wà nílẹ̀, iyọ̀ wà, obì, orógbó, ataare, omi tútù, gbogbo rẹ̀ ló pé. Nígbà tó kan ìrèké, ègé kan tí kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ la bá nínú àwo. Ó ti gbẹ, ó sì ti ń kan. Ìyá àgbà tí wọ́n fẹ́ fi ṣàdúrà fún ọmọ mú un dání, wọ́n wò ó, wọ́n wo ojú wa, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyá ìkókó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun fi wá ìrèké, ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ ò dé, èyí tó ṣẹ́ kù nínú bárò ọmọ kan lòun rí rà, iye tí wọ́n sì pè é fún òun, kò ṣeé sọ létí àlejò. Àwa ọlọ́jà, àwa tí a ń ta ìrèké fún gbogbo ìlú, la ò rí ìrèké gidi fi sọ ọmọ wa lórúkọ! Ìtìjú gbáà ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìrèké tí à ń tà lọ́jà wa, láti Òkè Ọya ló ti ń wá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn ín sí etí odò àti ilẹ̀ olómi tí wọ́n ń pè ní fàdámà, èyí tí àwa ń pè ní àkùrọ̀. Ìrèké Makarfi ní ìpínlẹ̀ Kàdúná lórúkọ dáadáa. Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, ẹ ro iye epo tí lọ́rì máa mu, ẹ ro iye owó tí dírẹ́bà máa fọ́n sójú ọ̀nà. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáṣá, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa dá ọkọ̀ wọn dúró, ẹ̀yin náà rántí bí igbá wa ṣe rí ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Owó tí à ń fi ra ìdì kan tẹ́lẹ̀ kò tó ra ìdajì rẹ̀ mọ́.

Àwa ò bá àwọn ará Òkè Ọya jà o, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu. Oníbàárà wa ni wọ́n, a ó sì máa ra ọjà lọ́wọ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà yàtọ̀ sí ìrèké. Ilẹ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àlùbọ́sà, ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Ìrèké ńkọ́? Oòrùn àti omi ni ìrèké ń fẹ́, òjò tiwa sì pọ̀ ju tiwọn lọ. Omi balùwẹ̀ tó ń ṣàn lọ lásán lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, ó tó ìdí ìrèké mẹ́ta mu yó. Ohun tí a ń sọ kò ju èyí lọ: kí olúkúlùkù wa tó bá ní ààyè bí ẹní méjì lẹ́yìnkùlé gbin ìrèké sí i, kó máa gé e, kó sì máa tún un gbìn, kó má baà di pé ọkọ̀ kò dé, ilé wa ṣófo.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ sọ pé iṣẹ́ ìjọba àti ti olówó ńlá ni iṣẹ́ ìrèké, ó ní ṣebí a rí bí ilé-iṣẹ́ ṣúgà Bacita ní Kwara, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964, ṣe di nǹkan mìíràn mọ́ wa lójú. Àbúrò wa, ìrèké ṣúgà kọ́ là ń wí. Ti ilé-iṣẹ́ ṣúgà tínrín, ó le bí igi, eyín èèyàn kò lè kápá rẹ̀. Ìrèké jíjẹ là ń wí, èyí tó sanra, tó rọ̀, tó ń ṣomi lẹ́nu. Ìyẹn kò bèèrè kátapílà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Àgbẹ̀ kì í fi hóró gbin ìrèké bí a ṣe ń gbin àgbàdo. Ara rẹ̀ náà là ń gé gbìn. Ilẹ̀ New Guinea, lọ́nà jíjìn réré ní ìlà oòrùn ayé, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ìrèké di ohun ọ̀gbìn, láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló sì ṣe rìn yí gbogbo ayé ká. Nítorí ìrèké kan náà yìí ni wọ́n ṣe kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa lọ sóko ẹrú ní Cuba àti ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Cuba, ti Brazil di 1888. Gbogbo ọ̀pá ìrèké tí ẹnikẹ́ni ti jẹ rí láyé yìí, ẹnìkan ló fi ègé kan pa mọ́ tí kò jẹ ẹ́, tí kò tà á. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí wa nígbà tí a bá rí orí ìrèké tí wọ́n gé jù sí orí ààtàn lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn onígbá èso.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa, torí a ò lè máa wàásù fún aráyé kí a fi ti ilé sílẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn, ìyá kan nínú àwọn àgbà onígbá èso, tí ìrèké wọn ti wà lẹ́yìn ilé ìdáná wọn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ wọn wọlé, gé ègé 60 fún ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn 20 ló gbà á, mẹ́ta-mẹ́ta. A pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì. Lóṣù tó kọjá a gbéra, a ń lọ láti ilé dé ilé láti wo ohun tó kù. Ilé 7 péré ni ìrèké ṣì wà.

Ilé kan, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n gbìn ín sí. Ó hù, ṣùgbọ́n ó tínrín bí igbálẹ̀, nítorí ìrèké ò fẹ́ òjìji rárá. Ilé méjì, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ kó tó ga. Ilé kan, lánlọ́ọ̀dù ló ní ejò máa wọ inú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ṣá a. A ò dá a lẹ́bi tán o, nítorí nígbà tí a dé ibẹ̀, ewé gbígbẹ rẹ̀ ṣì ga lórí ilẹ̀ bí òkìtì. Eku ń bọ̀ síbẹ̀, ejò ń tọ eku bọ̀. Ká ní wọ́n ń ya ewé gbígbẹ kúrò lára rẹ̀ lóṣooṣù ni, kò ní dé bẹ́ẹ̀. Ilé mìíràn, àbúrò wa kan ta gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọmọkùnrin alábárò, ìyẹn sì fi ọkọ́ wú u tìdítìdí. Ó ní ìdí rẹ̀ ló dùn jù, òun ò fẹ́ fi sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ìdí rẹ̀ ló dùn jù. Ṣùgbọ́n ìyẹn ni òpin ìrèké ilé yẹn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù, ọ̀nà tí wọ́n fi gé e ló pa á. Ẹ̀yìn ń dùn wá, a ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, a wá ń ti ibi orúnkún gé ìrèké. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lókè ilẹ̀, ojú tó wà lára rẹ̀ á yọ, ṣùgbọ́n ó máa tínrín, kò ní gbòǹgbò tirẹ̀ nínú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbé e ṣubú. Ìyá wa yẹn kì í gé e bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú àdá tó mú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n á gé e kan ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe ṣíṣá wẹ́lẹwẹ̀lẹ tó ń la ìdí rẹ̀. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ ló máa rú òmíràn, tòun ti gbòǹgbò. A bi wọ́n pé ṣé ẹ̀yìn kì í dùn wọ́n ni. Wọ́n ní, "Ó ń dùn mí. Ìrèké náà ńkọ́, ṣé ó dùn?" Ẹnu wa wọhò.

A bẹ ìyá wa kí wọ́n sọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ la kọ ọ́ yìí, a kàn fi ìwọ̀nba tí àwa náà mọ̀ kún un.

Oṣù kẹta sí ìkẹrin, nígbà tí òjò bá ti ń dúró, ni wọ́n ń gbìn ín. Apá òkè ọ̀pá tó ti gbó dáadáa ni wọ́n ń lò. Apá ìsàlẹ̀ ni fún jíjẹ, òun ló dùn. Òkè kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó yá hù. Ẹ ò rí i pé ohun tí à ń jù sí ààtàn gan-an ni irúgbìn? Wọ́n á gé e sí ègé tó ní ojú méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á wo ibi tí wọ́n gé náà dáadáa. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, tó ń rùn bí ọtí, àrùn wà nínú rẹ̀, wọn kì í gbìn ín. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé e tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n ń gbìn ín. Ẹlòmíràn nínú wa fi sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá ń bínú sí ilẹ̀ pé kò hù.

Wọ́n á gbẹ́ yàrà kékeré tó jìn bí àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n á bu ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí i, wọ́n á tẹ́ ègé náà sílẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó. Bí ẹ bá bò ó jù, ó ń jẹrà. Àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4 ni kó wà láàárín poro kan sí èkejì. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ ṣálángá. Omi ìwẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ibi tí omi bá ti ń dúró rọgún, ìdí rẹ̀ ń jẹrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, èèhù á yọ. Kí ẹ má jẹ́ kí koríko bò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìgbà yẹn ló nira jù. Ẹ máa wo ikán náà, ó fẹ́ràn ègé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Nígbà tó bá ga dé orúnkún, ẹ kó erùpẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kí ìjì má baà dà á. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn tí ẹ bá fẹ́ ya ewé rẹ̀ o, ewé ìrèké ń gé èèyàn lára bí abẹ.

Oṣù 9 sí 12, ó ti tó gé. Ègé kan tí a gbìn lè fún wa ní ọ̀pá mẹ́rin, márùn-ún, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká má gé e ju iye tí a máa jẹ tàbí tí a máa tà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ìrèké bá ti kúrò ní ìdí rẹ̀, adùn rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ègé tó wà nínú àwo ìsọmọlórúkọ ọjọ́ yẹn kò ju èyí lọ. Lójú tiwa, èyí gan-an ni èrè ẹni tó gbin tirẹ̀: ìrèké tó gé ní àárọ̀ ló ń tà ní ọ̀sán. Kò sí lọ́rì tó lè bá a du ìyẹn.

Bí a bá gé e lẹ́ẹ̀kan, ó máa tún rú. Èyí tó rú lẹ́ẹ̀kejì dára. Ẹ̀kẹta ṣì ṣeé jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń tínrín sí i, àrùn sì ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá wa kì í jẹ́ kó kọjá ìgé mẹ́ta. Wọ́n á wú u, wọ́n á jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ sinmi, wọ́n á fi ẹ̀wà gbìn ín lọ́dún kan, ìrèké á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ wá gbọ́ èyí tó gún wa lọ́kàn jù. Wọ́n ní ọ̀pá tó sanra jù nínú ọgbà wọn, àwọn kì í tà á. Òun ni àwọn fi ń gbìn. Àwa ńkọ́? Èyí tó dára jù la máa ń kó lọ sọ́jà, a óò wá fi jáńkù ìyókù gbìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a óò ní ilẹ̀ ti ṣá. Ilẹ̀ kò ṣá o, àwa la fi ọwọ́ ara wa yan aláìsàn. Bí ẹ bá rí ìrèké tó yọ nǹkan dúdú gígùn bí pàṣán láti orí, tí ẹ̀ẹ́rú dúdú ń gbọ̀n lára rẹ̀, ẹ rọra fi ọ̀rá bò ó kí ẹ tó fà á tu, kí ẹ sì sun ún. Ẹ má gé nǹkan kan gbìn lára ìdí yẹn.

(Bí a ṣe ń lọ: àwọn kan ń polówó fún àwọn alárùn àtọ̀gbẹ pé omi ìrèké ń wo àtọ̀gbẹ. Irọ́ ni. Ṣúgà ló wà nínú ìrèké. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti dókítà wọn, kí a má fi èrè ọjọ́ kan pa oníbàárà wa.)

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá. Ìyá wa tún fẹ́ yọ̀ǹda ègé mìíràn fún wa lọ́dún yìí, àwọn ilé 7 tó kù náà sì ní tiwọn nílẹ̀. Akápò ní kí ẹgbẹ́ tà á fún ọmọ ẹgbẹ́, nítorí àpò ti gbẹ, àti pé ohun tí èèyàn bá rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kì í tọ́jú rẹ̀. Ó ní ẹ wo ilé 13 tó pa tiwọn. Ọ̀rọ̀ akápò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a ò ní purọ́. Àpò ẹgbẹ́ gbẹ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n àwa ò fara mọ́ ọn. Àwọn ilé 13 yẹn, kì í ṣe torí pé wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi pa á. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. A fún wọn ní ègé mẹ́ta, a ya fọ́tò, a padà sílé. Ẹ̀bi ẹgbẹ́ ni, ẹ̀bi àwa tí à ń kọ̀wé yìí náà wà níbẹ̀, torí a kọ ìròyìn fọ́tò náà gadagba láìkọ ìlà kan nípa bí wọ́n ṣe ń gé e. Bí a bá wá fi owó lé e, ta ló máa kọ́kọ́ yọ sílẹ̀? Àwọn tó ń gbé ata wẹ́wẹ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọjà ni, àwọn tí ọ̀pá ìrèké márùn-ún máa ṣe lóore jù gbogbo wa lọ. Ìyá tó fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì sọ pé ká lọ fi ṣòwò láàárín ara wa.

Ohun tí àwa fara mọ́ ni kí a san ègé fún ègé. Ẹni tó bá gba 3 lọ́dún yìí, kó dá 6 padà lọ́dún tó ń bọ̀, láti ara ọ̀pá rẹ̀ tó dára jù, kí a sì kó o fún ọmọ ẹgbẹ́ tí kò tíì gbà. Kí ẹni méjì nínú àwọn ilé 7 lọ wo ti olúkúlùkù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún. Ẹni tó bá ti pa tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó gba òmíràn, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lo ọjọ́ kan lọ́gbà ìyá wa. Ní ti ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn kànga ẹ̀rọ ọjà, níbi tí omi ń ṣòfò sí, àwọn kan fẹ́ kọ́ ìsọ̀ síbẹ̀ kí wọ́n gba owó. Àwa ní kí a gbin ìrèké ẹgbẹ́ síbẹ̀, kí ó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá bímọ sí ilé rẹ̀ á máa gba ọ̀pá kan tútù lọ fún ìsọmọlórúkọ. Ìsọ̀ kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ìjà tó máa wáyé lórí ẹni tó máa gbé e.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì máa wá síwájú ìpàdé oṣù kẹta, ìbò sì máa wà. Ẹni tí kò bá fara mọ́ tiwa, kó wá sọ ọ́ ní gbangba, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì ìpàdé, láàárọ̀ kùtù kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, ìyá wa ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ gígé wá sí ẹ̀yìn ilé ìdáná àwọn. Kí ó pọ́n àdá rẹ̀ wá o, ìyá ní àwọn ò ní yá ẹnikẹ́ni ní tàwọn.